Ọmọ mi wọ gíláàsì 3D, kò rí nǹkan kan tó yọ jáde: kí ló ń ṣe ojú ẹ̀?

Ìbéèrè tó wọlé nìyí: "Ẹ káàsán o. Ìtòkú ni mo ti ń ta àdìrẹ. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 7. Nígbà holidé tó kọjá, àbúrò bàbá ẹ̀ kó gbogbo wọn lọ wo fíìmù 3D, wọ́n fún wọn ní gíláàsì dúdú. Àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń pariwo, wọ́n ń nawọ́ mú ẹja tó ń fò jáde, òun kàn jókòó ni, ó ní fíìmù náà kàn dúdú lásán, pé kò sí nǹkan kan tó jáde. Ó bọ́ gíláàsì, ó ní gbogbo ẹ̀ wá di méjì-méjì. Ìyá ọkọ mi ní gíláàsì yẹn ló ba ojú ẹ̀ jẹ́. Aládùúgbò mi ní kí n máa fún un ní kárọ́ọ̀tì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń ya fọ́tò ní òun náà ò rí 3D rí láti kékeré, pé kò dí òun lọ́wọ́ nǹkan kan. Ọmọ yìí ń kàwé dáadáa, ojú ẹ̀ ò pọ́n, ojú ẹ̀ ò dà. Ohun kan tí mo kàn rántí ni pé nígbà tá a gun Olúmọ, tá a ń bọ̀ nílẹ̀, ìdí ló fi ń sọ̀ lórí àtẹ̀gùn òkúta yẹn, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀. Ṣé ojú ọmọ mi kan ti fọ́ ni? Ṣé ó máa lè wa mọ́tò lọ́jọ́ iwájú?"

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ìyá wa, ẹ sì kú àkíyèsí, torí pé nínú lẹ́tà yín yìí, ibi tẹ́ ẹ rò pé kò jọ nǹkan ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Gbogbo èèyàn dojú kọ gíláàsì sinimá, àmọ́ àtẹ̀gùn Olúmọ yẹn ni èmi ń rò látìgbà tí mo ti kà á. Ó ti tó ọdún 19 tí mo ti ń yẹ ojú wò ní Abẹ́òkúta níbí, àwọn ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí mò ń rí, ìyá tó bá sọ fún mi pé ọmọ òun ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ lọ́sàn-án gangan, mi ò kí ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi yín lọ́kàn balẹ̀ lórí ọ̀kan ná: ojú ọmọ yín ò fọ́ nínú sinimá. Gíláàsì yẹn ò lágbára láti ba ojú ẹnikẹ́ni jẹ́, ike lásán ni, tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ̀fọ́rí àti ojú ríro nìkan ló lè fún yín. Ohun tó ṣe ni pé ó tú àṣírí nǹkan tó ṣeé ṣe kó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, àfi ká dúpẹ́ pé ó tú u nígbà tí ọmọ ṣì wà lọ́mọ ọdún 7. Ẹlẹ́rìí ni gíláàsì yẹn, ìyá ọkọ yín wá gbé ẹ̀bi náà fún ẹlẹ́rìí.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe nǹkan kan báyìí, ẹ má kàn kà á kọjá. Ẹ gbé àtàǹpàkò yín sókè níwájú imú, kó jìnnà tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, kẹ́ ẹ wá máa wo ilẹ̀kùn tó wà lọ́hùn-ún, kì í ṣe àtàǹpàkò o, ilẹ̀kùn ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́. Ẹ máa rí i pé àtàǹpàkò yín ti di méjì, wọ́n á dà bí òjìji, ẹ tiẹ̀ máa rí ilẹ̀kùn gba inú wọn kọjá. Ẹ di ojú ọ̀tún, ọ̀kan á lọ. Ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ di tòsì, ìkejì á lọ. Ìdí ni pé ojú wa méjèèjì ò dúró síbì kan náà, láti ọmọlójú kan sí ìkejì lára àgbàlagbà ó máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 6 àti díẹ̀, nítorí náà ibì kan ni ojú ọ̀tún ti ń yọjú wo nǹkan, ibòmíì ni tòsì ti ń yọjú wò ó, àwòrán tí wọ́n sì ń gbé lọ fún ọpọlọ ò dọ́gba. Ọpọlọ wá ń wọn ìyàtọ̀ yẹn. Ohun tó sún mọ́ wa, ìyàtọ̀ àwòrán méjèèjì ẹ̀ á pọ̀, ohun tó jìn, ìyàtọ̀ ẹ̀ á kéré, inú ìyàtọ̀ yẹn ni ọpọlọ ti ń mọ bí nǹkan ṣe jìn sí, á so àwòrán méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan ṣoṣo tó ní iwájú tó sì ní ẹ̀yìn. Charles Wheatstone, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará England, ló kọ́kọ́ fi èyí han àwọn ọ̀mọ̀wé ní London lọ́dún 1838. Ó fi ọwọ́ ya nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀méjì, bó ṣe rí lójú ọ̀tún àti bó ṣe rí lójú òsì, ó fi dígí méjì darí ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ojú tó ni ín, ni ìlà tó wà lórí bébà pẹlẹbẹ bá dìde dúró bí àpótí gidi. Kámẹ́rà ò tíì jáde sígboro nígbà yẹn. Nígbà tó di 1849, David Brewster, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Scotland, fi lẹ́ǹsì rọ́pò dígí, ẹ̀rọ náà wá kéré débi téèyàn lè fọwọ́ kan gbé e, wọ́n pàtẹ ẹ̀ níbi ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní London lọ́dún 1851, ọbabìnrin Victoria rí i, ó wù ú, látìgbà náà ni gbogbo ayé ti ń rà á.

Fíìmù tí àwọn ọmọ yín lọ wò yẹn, ọgbọ́n Wheatstone náà ni wọ́n ń lò. Àwòrán méjì ni wọ́n ń tàn sójú aṣọ kan náà, tọ̀tún àti tòsì, dígí ọ̀tún inú gíláàsì á gba àwòrán ọ̀tún wọlé á sì dá tòsì dúró, dígí òsì náà á ṣe ti ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Torí pé dígí kọ̀ọ̀kan ń dá lára ìmọ́lẹ̀ dúró, fíìmù yẹn ṣókùnkùn díẹ̀ lójú gbogbo wọn, ẹja tó ń fò ló mú kí àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ gbàgbé òkùnkùn. Ọ̀rọ̀ méjì wá ni ọmọ yín sọ, méjèèjì ló wúlò fún mi. Èkíní, pé nígbà tó bọ́ gíláàsì, ó rí méjì-méjì. Èyí ò kí ń ṣe àìsàn rárá, àwòrán méjì ló wà lójú aṣọ lóòótọ́, ẹni tó bá ní ojú kan ṣoṣo náà á rí méjì. Èkejì, pé nígbà tó wọ gíláàsì, kò rí méjì, ẹyọ kan ló rí, pẹlẹbẹ, tó dúdú. Tó bá jẹ́ pé ojú ẹ̀ méjèèjì ń ṣiṣẹ́ tí ọpọlọ kàn kùnà láti so wọ́n pọ̀, á máa ráhùn pé nǹkan ń gun ara wọn. Ẹyọ kan tó rí pẹlẹbẹ yẹn, ohun tó sábà máa ń jẹ́ ni pé ọpọlọ ń lo àwòrán ojú kan, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ìkejì. Àmọ́ o, lẹ́tà ni mo fi ń sọ èyí, mi ò tíì rí ojú ẹ̀. Gíláàsì yẹn lè dọ̀tí níhà kan, ó lè tóbi jù fún ojú ọmọdé kó máa yọ́ sórí imú, ó sì lè jẹ́ pé ó dorí kọ́ ẹ̀gbẹ́, nínú sinimá míì tórí bá ti wọ́ báyìí, iṣẹ́ gíláàsì dà rú nìyẹn. Ká ní fíìmù nìkan ni, mi ò bá ní kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Àtẹ̀gùn ni kò jẹ́.

Ẹ lè wá bi mí pé, tó bá jẹ́ pé ojú kan ló ń lò, báwo ló ṣe ń sáré kiri láìforí sọ ògiri, báwo ló ṣe ń kàwé? Ìwé kíkà ò béèrè ojú méjì o, ẹ mú ìyẹn kúrò. Ní ti sísáré kiri, Ọlọ́run ò fi jíjìn sọ́wọ́ ojú méjì nìkan, ojú kan náà ní ọ̀nà tó ń gbà mọ̀ ọ́n. Ẹ rántí nígbà tẹ́ ẹ wà lókè Olúmọ tẹ́ ẹ ń wo ìlú nísàlẹ̀. Òrùlé páánù pupa tó wà níwájú bo apá kan èyí tó wà lẹ́yìn ẹ̀, ìyẹn ti sọ fún yín pé èyí ló sún mọ́. Èèyàn tó ń lọ lọ́hùn-ún kéré bí ìka, ẹ sì mọ̀ pé èèyàn ò kí ń kéré tó bẹ́ẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé ó jìn. Tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, àwọn òkè tó wà lọ́nà jíjìn á funfun bí ẹni tó dà ẹ̀kọ lé wọn, ìyẹn náà ń sọ jíjìn. Òjìji ń sọ ọ́. Ìrìn ń sọ ọ́ jù lọ: tẹ́ ẹ bá wà lórí ọ̀kadà tó ń bọ̀ láti Laféńwá, òpó iná tó wà létí títì á máa sá sẹ́yìn fìrìfìrì, òkè tó wà lọ́hùn-ún á dà bí ẹni pé ó ń bá yín lọ. Gbogbo èyí, ojú kan tó o. Kódà, ojú méjì ò fi bẹ́ẹ̀ wúlò níbi tó jìn. Ẹ jẹ́ kí n ṣírò ẹ̀ fún yín: ẹni tójú ẹ̀ pé dáadáa, tí nǹkan bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 40 sí i, ibi tá a ń gbé ìwé sí ká tó kà á, ojú méjì lè fi mọ ìyàtọ̀ jíjìn tí kò ju ìlàjì mìlímítà lọ, bí ìpọn èékánná lásán. Tó bá di mítà 10, ìyàtọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30 kó tó mọ̀ ọ́n. Tó bá di 100 mítà, ó gbọ́dọ̀ tó mítà 30. Nítorí náà nígbà tẹ́ ẹ jọ ń wo Odò Ògùn láti orí àpáta, ẹ̀yin àti ọmọ yín ò yàtọ̀ síra, bí olójú kan lẹ jọ ń wò ó.

Àtẹ̀gùn ni ìyàtọ̀ ti dé. Ẹ wo bí àtẹ̀gùn òkúta yẹn ṣe rí: àwọ̀ kan náà ni èyí tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò kun etí ẹ̀, oòrùn ọ̀sán wà lókè orí, kò jẹ́ kó ní òjìji, ọmọ sì ń wò ó láti òkè wálẹ̀. Gbogbo àmì tí ojú kan ń lò ti pa rẹ́ níbẹ̀. Ó wá ku ojú méjì nìkan tó lè sọ fún èèyàn pé "ilẹ̀ wà níbí, ó jìn tó báyìí," ẹni tí kò bá ní in, ẹsẹ̀ ló máa fi wá a. Àtẹ̀gùn ilé yín, ó ti mọ̀ ọ́n lórí, ìdí nìyẹn tẹ́ ò fi rí i nílé. Ẹ tún wò ó dáadáa tó bá ń bu omi láti inú jọ́ọ̀gì sínú kọ́ọ̀bù, ṣé ó máa ń kọ́kọ́ fi ẹnu jọ́ọ̀gì kan etí kọ́ọ̀bù kó tó dà á? Tí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù kékeré sí i, ṣé ó ti máa ń kọjá kó tó pa ọwọ́ dé? Àwọn ọmọ báyìí, wọ́n máa ń pè wọ́n ní ọmọ tí ọwọ́ ẹ̀ ò balẹ̀, wọ́n á máa nà wọ́n lórí omi tó dànù, ó sì máa ń dùn mí gan-an nígbà tí ìyá bá jókòó níwájú mi tó wá ń rántí gbogbo ìgbá tó ti gbá ọmọ létí.

Ẹ̀gbọ́n yín tó ń ya fọ́tò, òótọ́ ló sọ pé kò dí òun lọ́wọ́, torí kámẹ́rà fúnra ẹ̀ olójú kan ni. Fọ́tò Olúmọ tó bá yà, pẹlẹbẹ ló máa wà lórí bébà, ojú wa méjèèjì á máa sọ fún ọpọlọ pé bébà lèyí o, bí òkè inú ẹ̀ ṣe wù kó ga tó. Ẹ gbìyànjú èyí: ẹ ká ìwé pọ̀ bíi pọ́ǹpù, ẹ di ojú kan, kẹ́ ẹ fi ojú kejì wo fọ́tò náà gba inú ẹ̀ láìrí etí bébà, kẹ́ ẹ mú sùúrù fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mẹ́wàá. Fọ́tò náà á jinlẹ̀ sí i, torí pé ẹ ti mú ẹni tó ń sọ pé "bébà ni" kúrò níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀gbọ́n yín máa rí fọ́tò báyìí nígbà gbogbo, ta ló mọ̀, bóyá ìyẹn tiẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kó mọ fọ́tò yà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó sọ láti fi yín lọ́kàn balẹ̀ yẹn, ṣe ló jẹ́ kí ara tèmi má balẹ̀, torí ojú tó yà bàrá àti ojú tí agbára ẹ̀ ò dọ́gba máa ń rìn nínú ìdílé. Tí ọ̀kan bá wà lápá ìyá, ó yẹ ká tètè wo ọmọ.

Ẹ̀yin náà lè dán tiyín wò nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ mú àdìrẹ kan tí wọ́n fi fóòmù tẹ̀ ní ìlà-ní-ìlà, tí òdòdó kan náà ń tún ara ẹ̀ ṣe láìyẹ̀, ẹ ta á sórí okùn, ẹ dúró níwájú ẹ̀ níwọ̀n ìṣísẹ̀ méjì. Ẹ na ìka kan sí àárín ẹ̀yin àti aṣọ, ìka ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́, kẹ́ ẹ máa mú ìka náà bọ̀ sọ́dọ̀ ara yín díẹ̀díẹ̀. Òdòdó ẹ̀yìn á kọ́kọ́ di méjì-méjì, wọ́n á máa yọ́ gba ẹ̀gbẹ́, tó bá yá òdòdó kan á wọ inú ẹnìkejì ẹ̀, á há, gbogbo aṣọ á kúrò lórí okùn, á wá dúró nínú afẹ́fẹ́ nítòsí ìka yín, á sì kéré sí i. Brewster rí irú ẹ̀ lára bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Ọpọlọ ló ṣì í mú, ó so òdòdó ojú ọ̀tún pọ̀ mọ́ òdòdó míì lójú òsì torí pé wọ́n jọra. Àdìrẹ oníko ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa torí pé ibi tí wọ́n so méjì kì í dọ́gba. Tó bá ṣe é fún yín, ojú yín méjèèjì ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nìyẹn, tí kò bá sì ṣe é, ẹ má bẹ̀rù, ó máa ń gba sùúrù, mi ò ní kẹ́ ẹ fi ṣe àyẹ̀wò fún ọmọ ọdún 7.

Ìdánwò tiwa nílé ìwòsàn rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé kan wà tí wọ́n ya eṣinṣin ńlá sí, ó tó àtẹ́lẹwọ́, ó burú ní wíwò, ọmọ á wọ gíláàsì bíi ti sinimá, a ó ní kó fi ìka méjì mú ìyẹ́ eṣinṣin náà. Ọmọ tójú ẹ̀ pé, inú afẹ́fẹ́ ni ìka ẹ̀ máa pàdé, ìka ò ní kan ìwé rárá, àwọn míì á tiẹ̀ fà sẹ́yìn pé àwọn ò fọwọ́ kàn án. Ọmọ tí kò rí i, á gbé ìka lé ìwé pẹrẹsẹ, á máa wò mí lójú pé kí ni mo fẹ́ gan-an. Òmíràn tún wà tó jẹ́ àmì tó-tò-tó rúdurùdu nìkan bí iyanrìn. Béla Julesz, ọmọ ilẹ̀ Hungary tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ló fi kọ̀ǹpútà ṣe irú ẹ̀ jáde lọ́dún 1960: téèyàn bá fi ojú kan wò ó, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, tó bá fi méjèèjì wò ó, àwòrán á gbéra láàárín iyanrìn yẹn. Ó ṣe pàtàkì torí pé àwọn ọmọ gbọ́n, wọ́n máa ń dá eṣinṣin yẹn mọ̀ lójú òjìji ẹ̀, wọ́n á sì gbé ọwọ́ sókè láti tẹ́ ẹ lọ́rùn. Iyanrìn ò ṣeé tàn.

Ẹ ní ojú ẹ̀ ò dà. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ pẹ́ nílé kí wọ́n tó gbé wọn wá. Ojú tí ọ̀kan ń wo ibí tí ìkejì ń wo ọ̀hún, gbogbo ẹbí á rí i, wọ́n á tètè sáré. Èyí tó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ ni pé agbára ojú méjèèjì ò dọ́gba, ọ̀kan ń ríran kedere, ìkejì ń béèrè gíláàsì tó lágbára láti kékeré, ẹnikẹ́ni ò sì fún un. Ọpọlọ á mú èyí tó mọ́, á pa èyí tó ń ṣe bàìbàì tì, títí ojú yẹn á fi yọ̀lẹ pátápátá. Amblyopia ni àwọn dókítà ń pè é. Ọmọ ò ní ráhùn, torí bó ṣe ń ríran látìgbà tí wọ́n ti bí i nìyẹn, kò mọ̀ pé ó yẹ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú tó yà díẹ̀ tí ẹ̀yin ò lè fojú rí náà lè fà á, bẹ́ẹ̀ ni ìpéǹpéjú tó wó bo ọmọlójú, tàbí cataract, ìyẹn nǹkan funfun tó ń bo inú ọmọlójú, tí wọ́n bí mọ́ ọmọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì kan ní Amẹ́ríkà, Hubel àti Wiesel, rán ojú kan ọmọ ológbò pa fún oṣù díẹ̀, nígbà tí wọ́n tú u, ẹyinjú náà ò ní àbùkù kankan, àmọ́ ọpọlọ ò gbọ́ ti ẹ̀ mọ́. Wọ́n ṣe é fún àgbà ológbò, kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1981. Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé kẹ́ ẹ mọ ibi tí wàhálà wà: ọpọlọ ni, kì í ṣe ẹyinjú, nítorí náà kárọ́ọ̀tì aládùúgbò yín ò lè dé ibẹ̀. Kárọ́ọ̀tì, ẹ̀fọ́ àti epo pupa ní èròjà tó ń ran ojú lọ́wọ́ nínú òkùnkùn, ẹ máa fún un jẹ, àmọ́ ẹ má fi dúró. Àgbo àti oògùn tí wọ́n ń kán sójú láti inú ọkọ̀ èrò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e súnmọ́ ọmọ yẹn rárá.

Ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n mú wá sọ́dọ̀ mi, ọmọ ọdún 8. Wọ́n ń ṣe bojúbojú nílé, àbúrò ẹ̀ fi ọwọ́ kan bo ojú ẹ̀, kò bò ó tán, ojú ọ̀tún nìkan ló bò, ọmọ yẹn bá figbe ta pé ilẹ̀ ti ṣú. Ọ̀sán ni. Ìyá ẹ̀ ti mú un lọ síbì kan tí wọ́n ti ń ta gíláàsì ní ọdún méjì ṣáájú, wọ́n ní á kúrò níbẹ̀ tó bá dàgbà. Mo fún un ní gíláàsì, ó lò ó fún bí oṣù mẹ́rin láìṣe nǹkan míì, torí gíláàsì nìkan máa ń ṣe iṣẹ́ ńlá táwọn èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ gbà gbọ́, lẹ́yìn náà la wá ń fi pílásítà bo ojú ọ̀tún tó lágbára fún wákàtí méjì lójúmọ́ kí òsì lè jí. Ìyá ẹ̀ gbọ́n, ẹ̀wà ló máa ń kó fún un ṣà ní wákàtí méjì yẹn, tó bá tán, ó ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Ó sunkún gan-an lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá, mo gbé eṣinṣin jáde, ó na ọwọ́, ó dúró, ó ní "ìyẹ́ ẹ̀ ti dìde." Èmi àti ìyá ẹ̀ la jọ sunkún lọ́jọ́ yẹn. Àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ ti ìkejì fún yín. Ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún 6, gíláàsì, pílásítà, wọ́n tiẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú ẹ̀ tó yà, ó ti ń ka ìlà tó kéré jù lórí pátákó báyìí, ojú ẹ̀ méjèèjì gún régé, síbẹ̀ eṣinṣin yẹn ò dìde fún un títí dòní. Ìríran lè padà kí jíjìn má padà.

Ìdí ni pé àkókò wọn ò dọ́gba. Ọmọ ìkókó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú méjì mọ jíjìn láti bí oṣù mẹ́ta sí márùn-ún, ọdún bíi méjì àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù fún un, tí nǹkan bá ya ojú lákòókò yẹn, ó ṣòro láti dá padà tán. Ìríran fúnra ẹ̀ ní àkókò tó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà fi hàn pé fún ọmọ tí kò tíì pé 7 tí ojú ẹ̀ ò burú jù, bíbò ó fún wákàtí 2 lójúmọ́ ṣiṣẹ́ bíi wákàtí 6, àwọn ọmọ ọdún 7 sí 12 náà sì ń rí àǹfààní ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn. Nítorí náà ọmọ yín ò tíì pẹ́ jù, àmọ́ kò sí àyè fún "ẹ jẹ́ ká dúró wò ó." Tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé lẹ́yìn ọdún 7 gbogbo ẹ̀ ti parí, ìyẹn náà ò rí bẹ́ẹ̀. Susan Barry, onímọ̀ nípa ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, ojú ẹ̀ ti yà láti ìkókó, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní kékeré, ojú gún, àmọ́ kò rí jíjìn rí. Ẹni ọdún 48 ni nígbà tó gba ẹ̀kọ́ bí ojú méjèèjì ṣe máa bá ara wọn ṣiṣẹ́, ó jókòó sínú mọ́tò ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó rí i pé sítíárìn yọ síwájú, ó dúró lójú afẹ́fẹ́. Ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ irú ẹ̀ ò pọ̀, mi ò lè fi ṣe ìlérí fún yín, ẹ sì ṣọ́ra fún ẹni tó bá fẹ́ gba owó ńlá lọ́wọ́ yín lórí ìlérí bẹ́ẹ̀.

Ní ti mọ́tò wíwà, ẹ fi ọkàn yín balẹ̀. Ẹ ti rí ìṣirò tí mo ṣe lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú wà ní ibi tí ojú méjì ò ti fi bẹ́ẹ̀ ríṣẹ́ ṣe, bó ṣe ń tóbi sí i ni awakọ̀ fi ń mọ̀ pé ó ń súnmọ́. Àwọn tó ní ojú kan ń wa ọkọ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Iṣẹ́ bíi wíwa bàálù tàbí iṣẹ́ abẹ tó ń béèrè ọwọ́ tó dájú lábẹ́ ẹ̀rọ awò, ibẹ̀ ni wọ́n ti lè béèrè ojú méjì tó pé. Ó ṣì kéré, ẹ jẹ́ ká wo ojú ẹ̀ ná. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ kun etí àtẹ̀gùn ilé ní funfun, kó máa di irin mú tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, kó sì máa fi ẹnu jọ́ọ̀gì kan kọ́ọ̀bù, ẹ má bá a wí mọ́.

Lálẹ́ yìí, nígbà tó bá ń wo tẹlifíṣàn tó fẹ́ràn, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ẹ̀ kan jẹ́jẹ́ bí ẹni ń ṣeré, ẹ kà dé 20, kẹ́ ẹ bo ìkejì. Tó bá jẹ́ pé nígbà tẹ́ ẹ bo ọ̀kan kò ṣe nǹkan kan, àmọ́ nígbà tẹ́ ẹ bo èkejì ó ń fa ọwọ́ yín kúrò tàbí ó ń yọrí kó lè rí, èyí tẹ́ ò bò nígbà yẹn ni kò ríran dáadáa. Ẹ tún wo àwọn fọ́tò tí wọ́n fi iná kámẹ́rà yà á lóru, tí ọmọlójú kan bá funfun bí wàrà nígbà tí ìkejì pupa, ẹ má dúró de ọ̀la, torí jẹjẹrẹ inú ojú àwọn ọmọdé máa ń fi ara hàn bẹ́ẹ̀. Tí kò bá sí ìyẹn, láàárín ọ̀sẹ̀ yìí tàbí èyí tó ń bọ̀, ẹ mú un lọ sí ẹ̀ka ojú ní ilé ìwòsàn ìjọba, FMC tó wà ní Ìdí-Àbà ò jìnnà sí yín, ẹ má lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta gíláàsì lórí tábìlì, tiwọn fún àgbà tó fẹ́ kàwé ni. Ẹ sọ fún wọn pé kò rí 3D, ẹ sọ ti àtẹ̀gùn, ẹ sọ pé ẹ̀gbọ́n yín náà ò rí i, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kán oògùn tó ń la ọmọlójú sí i kí wọ́n tó wọn agbára ojú ẹ̀, torí ojú ọmọdé máa ń tiraka débi pé á bo àṣírí mọ́lẹ̀ tí wọn ò bá kán an. Oògùn yẹn máa jẹ́ kí ìwé ṣe bàìbàì lójú ẹ̀ kí oòrùn sì máa ta á títí di ọjọ́ kejì, nítorí náà ẹ mú fìlà oníbèbè dání, ẹ má fún un ní iṣẹ́ àmúrelé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ sì bá mi mú ẹ̀gbọ́n yín náà dání, kí wọ́n wo tiẹ̀ pẹ̀lú.